35% ló ń jẹ wàrà àti mọ́ínmọ́ín

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè ìṣirò kan nípa àwọn èèyàn ọjà Ìpàtà: 70% ń jẹ wàrà, 55% ń jẹ mọ́ínmọ́ín, 10% ò jẹ ìkankan; ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jẹ méjèèjì? 35% nìdáhùn. 125 tẹ́ ẹ ní nígbà tẹ́ ẹ ro 70 àti 55 pọ̀ kì í ṣe àṣìṣe; àwọn tó ń jẹ méjèèjì lẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ yọ 10 nínú 100, ó ku 90, àwọn tó ń jẹ ó kéré tán ọ̀kan. Ẹ wá yọ 90 nínú 125: 35.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ ya òbìrí méjì, ọ̀kan fún wàrà, ọ̀kan fún mọ́ínmọ́ín. Àárín, ibi tí òbìrí méjèèjì ti wọnú ara wọn, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ 35 sí. Ẹni tó bá ti kọ 70 sínú òbìrí wàrà lódindi ti bà á jẹ́ nìyẹn. Wàrà nìkan, 70 − 35 = 35; mọ́ínmọ́ín nìkan, 55 − 35 = 20; 10 wà níta. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 100 géérégé.

Bí wọn ò bá sọ ti 10% yẹn, kò sí iye kan pàtó: kò lè dín ní 25, kò sì lè ju 55 lọ.