Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé Àgùdà yín

Ẹ̀gbọ́n mi ní London, ẹ kú àjò o. Ẹ ní bíríkìlà sọ pé ìjọba ti fòfin de amọ̀, pé àfi kí ẹ họ ògiri ilé alámọ̀ bàbá yín ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wálé, kí ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì 42.5 (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe lágbára tó) rẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́.

Òfin sìmẹ́ǹtì ló gbọ́, kì í ṣe ti amọ̀. Lọ́dún 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, pín in: 32.5 fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 fún òpó, dẹ́kìnì àti búlọ́ọ̀kù, 52.5 fún afárá. Kò kan ògiri amọ̀ tó ti wà nílẹ̀ látayébáyé.

Amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, ojú ògiri ló sì ń gbà gbẹ. Bí sìmẹ́ǹtì bá dí ojú náà, inú lomi ń há sí. Amọ̀ tàbí lime, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun tí wọ́n sì pò mọ́ yanrìn, ló bá a mu. Ilé tiwa ni mo fi kọ́ ọ: a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, òjò ọdún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí pẹ́lẹ́bẹ-pẹ́lẹ́bẹ, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin. Àwòrán òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sára ògiri yí fèrèsé ká bá a wó lulẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní, torí a ò rí ẹni tó lè tún irú rẹ̀ ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, bóyá ilé náà wà lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán ìkéde nìkan: Ilojo Bar ní Tinubu, ilé ọdún 1855 tí wọ́n kéde ní 1956, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Nítorí náà, ẹ yan ẹni tó ń gbé Èkó, kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tó sọ ọ́ di aṣojú yín níwájú notary (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé), kí àwọn àgbà ẹbí náà sì fọwọ́ sí i, torí ilé ẹbí ni.

Kí aṣojú yín gbàṣẹ lọ́dọ̀ LASBCA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dán agbára ògiri náà wò, kí ó sọ kedere pé ilé alámọ̀ ni. Irin tí wọ́n fi ń lu ògiri láti mọ bó ṣe le tó, kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó bá sọ nípa amọ̀ kò ṣeé gbára lé.

Lónìí, ẹ ní kí ọmọ ilé kan fi ọ̀bẹ họ ìsàlẹ̀ ògiri díẹ̀, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà náà.