Ẹ Má Fi Owó Káàdì Ìlera Ra Óòtì

Mo kí yín o, arákùnrin wa tí ẹ ń gbé ní Ìkòròdú. Ẹ ní HMO tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn ṣètò ìdójútòfò ìlera, tún ti fi owó kún iye tí ẹ ń san lọ́dọọdún, pé dókítà sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín sì ti ń súnmọ́ ti alátọ̀gbẹ. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ jáwọ́ nínú káàdì náà, kí ẹ máa fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ tó dára fún ara. Àwọn kan ti dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni tó bá ń jẹun dáadáa kò ní í rí ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, mo sì mọ ibi tó ti ń dun ni.

Nígbà tí ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń san owó ìdójútòfò ìlera fún gbogbo wa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti ọjọ́ pípẹ́, Amlodipine àti oògùn kan mìíràn ni ó ń lò, a kì í sì í ronú nípa owó wọn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù, ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ parí náà ni káàdì wa kú. A lọ ra ti aládàáni lọ́wọ́ HMO mìíràn. Aṣojú wọn tó wá bá wa nílé ń rẹ́rìn-ín ṣáá ni, ó ní kò sí ohun tí káàdì náà kò gbé. Ohun tí kò sọ, tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí owó wa ti wọlé, ni pé àìsàn tó bá ti wà lára ènìyàn kí ó tó forúkọ sílẹ̀ kò sí lábẹ́ ètò náà títí ọdún kan yóò fi pé, àti pé lẹ́yìn ọdún náà pàápàá, iye tí wọ́n lè ná lé e lórí ní ààlà.

Kí ọdún náà tó pé ni apá òsì ọkọ mi ṣàdédé kú lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. A gbé e lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ìwé HMO náà. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí wọ́n tètè gbé e wọlé, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba owó ní àwọn kò lè fọwọ́ kàn án láìsí kóòdù. Fún ẹni tí kò bá tíì bá kóòdù pàdé rí, nọ́ńbà àṣẹ ni, tí HMO máa ń fún ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣe ọ̀pọ̀ ìtọ́jú tó ju àyẹ̀wò lásán lọ, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ HMO kò ní í sanwó. Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, orin ni ó ń kọ sí mi létí. Nígbà tí ẹnì kan gbé e, ó ní kí ilé ìwòsàn fi ìwé ránṣẹ́ lórí íméèlì. Ilé ìwòsàn ní àwọn ti fi ránṣẹ́. HMO ní kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Nígbà tó wá dé, dókítà HMO tí kò fojú kan aláìsàn rárá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ ló fà á, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òun ló fà á, kò sí nínú ohun tí a sanwó fún. Mo dúró síbẹ̀, fóònù létí, ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì, ẹnu rẹ̀ ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń jẹ́jọ́ bí ẹni pé èmi ni mo jí nǹkan. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló fa àrùn rọpárọsẹ̀, oògùn tó ń tú u kò ṣeé fún ènìyàn mọ́ bí nǹkan bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ bá ti kọjá. Gbogbo wa ló mọ̀ pé àkókò ń lọ, àfi àwọn tó wà lórí fóònù.

Alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ọjà ni mo jí lójú oorun, òun ló fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n fi gba ọkọ mi wọlé. Kóòdù dé lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti là, owó fáìlì àti ti abẹ́rẹ́ kan péré ni ó sì gbé. Ọkọ mi ń rìn lónìí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí HMO náà. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn mọyì ìbáṣepọ̀ wa.

Lọ́dún 2025, NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò ìdójútòfò ìlera, pàṣẹ pé HMO kò gbọdọ̀ jẹ́ kí kóòdù pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Àṣẹ tó dára ni, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, kí ẹ sì kà á sí wọn létí bí ó bá di ọ̀ràn, nítorí pé mo ti rí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Nípa owó tí ó ń gòkè, inú ń bí mi sí àwọn HMO, àmọ́ ń kò ní purọ́ mọ́ wọn. Owó oògùn fò sókè lẹ́yìn ọdún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ńlá bíi GSK sì kó ọjà wọn kúrò ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Lábẹ́ ètò NHIA, owó tí ilé ìwòsàn ń gbà lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó yàn wọ́n, yálà onítọ̀hún wá tàbí kò wá, dúró sí ₦750 fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450 lọ́dún 2025. Ẹ rò ó wò, ta ni yóò fi ₦750 tọ́jú alátọ̀gbẹ fún oṣù kan? Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn, tí wọn ó ní oògùn yín ti tán, tí ẹ ó sì rí i lórí àtẹ ní kẹ́míìsì tó wà lẹ́nu géètì kan náà. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pààrọ̀ ilé ìwòsàn. Ètò gbà yín láyè láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kúrò lọ́dọ̀ aládàáni, kí ẹ lọ sí ti ìpínlẹ̀. Ọ̀yọ́ ni àwa wà, OYSHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, ni a sì forúkọ sílẹ̀ sí. Ẹ̀yin ní Ìlera Èkó, ti ìpínlẹ̀ yín. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà sì ń san ₦40,000. Ẹ má retí pé iye yẹn ni ẹ ó bá nílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ fi wé èyí tí HMO yín kọ ránṣẹ́ sí yín. Ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ wà nínú rẹ̀, ohun tí ẹ nílò gan-an sì nìyẹn. Òfin tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà láti ní ìdójútòfò ìlera, àmọ́ kò sí ẹni tó wá sọ ọ́ fún àwa tí a ń ta aṣọ ní Gbági. Bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ kò le, ẹ mú nọ́ńbà NIN yín dání. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, nítorí pé àwọn kan ń dé fìlà ìjọba kiri ọjà tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ó ku oúnjẹ, tí ó jẹ́ ìdajì ìbéèrè yín. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀, wọ́n ní kí a lọ rí onímọ̀ oúnjẹ. Ó fún wa ní ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tí àwòrán ẹja salmon, broccoli, òróró olífì àti óòtì (ọkà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní oats) wà nínú rẹ̀. Mo bi í ibi tí wọ́n ti ń ta salmon ní ọjà Bódìjà. Ó wò mí bí ẹni pé mo rí òun fín. Ìwé irú èyí ló ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé oúnjẹ alára ń fẹ́ owó tó tó ti káàdì ìlera, irọ́ sì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ṣe jẹ́ ohun tí yóò dẹ́kun rírà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí magí. Iyọ̀ ju ìdajì lọ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ní kí àgbàlagbà má jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, èyí tí kò kún ṣíbí kékeré kan. Kí ẹ tó ka iyọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ bù sọ́bẹ̀, kí ẹ tún ka ti búrẹ́dì àti ti núdù, iyọ̀ inú magí mẹ́ta nìkan ti kọjá ohun tó yẹ kí ẹnì kan jẹ lóòjọ́. Irú ni mo fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú atalẹ̀, àlùbọ́sà àti ata tó pọ̀. Ẹ kàn tọ́ ọ wò lọ́wọ́ oníirú kí ẹ tó rà á, nítorí pé àwọn kan ń da iyọ̀ sínú rẹ̀ kí ó má baà tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ojú kúrò lára ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò: bí ó bá jẹ́ gíráàmù 10 ṣúgà nínú mìlílítà 100, ìgò 50cl kan ti gbé gíráàmù 50, ìyẹn nǹkan bí òpin ohun tí WHO gbà fún àgbàlagbà fún odindi ọjọ́. Ìjọba fi ₦10 owó orí lé lítà kan rẹ̀ láti ọdún 2022. Ta ni ₦10 dá dúró?

Àwọn tó ń sọ fún yín pé kí ẹ máa jẹ wíìtì tàbí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí ṣúgà kò sọ fún yín pé bí ẹ bá jẹ òkìtì rẹ̀, ṣúgà yóò gòkè síbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ mi kan jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí tí nọ́ńbà ṣúgà rẹ̀ fi le sí i, nítorí tí ó gbà pé oògùn ni. Ẹ jẹ àmàlà tí ẹ ti ń jẹ láti kékeré, kí òkèlè kéré, kí ewédú tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ gba ìdajì àwo, kí ẹja ṣàwá wà níbẹ̀ dípò ẹran ọlọ́ràá. Ẹ̀wà wọ́n gan-an lọ́dún 2024, mo mọ̀. Síbẹ̀ ẹ ra kóńgò díẹ̀ nígbà tí tuntun bá dé, èkuru àti mọ́ínmọ́ín sì ń mú un pẹ́ nínú ilé. Ìbẹ́pẹ àti ọsàn tó, ẹ má lo owó lórí ápù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí kíndìnrín yín ti ní ìṣòro, ẹ má ra iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ aláìníyọ̀ láì bi dókítà, nítorí pé potassium ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì lè da ọkàn láàmú. Ẹ má sì jẹ́ kí aláàgbo sọ fún yín pé omi ewúro ti tó, kí ẹ ju oògùn sílẹ̀. Ọkọ mi kò jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀ rí, ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ ṣe é, kódà bí ìfúnpá yín bá wálẹ̀ sí 120 lórí 80, nítorí pé oògùn náà ló ń mú un wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá bá oògùn ṣeré títí kíndìnrín fi bàjẹ́, dialysis, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ló ń dúró dè é. Ìjọba dín owó rẹ̀ kù sí ₦12,000 fún ìgbà kan ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan lọ́dún 2025, UCH ní Ìbàdàn wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ má jẹ́ kí káàdì àtijọ́ parí kí ti tuntun tó jí. Àkókò ìdúró wà kí ti ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ti aládàáni ṣì ní oṣù díẹ̀, kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo oògùn tí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí lórí ti àtijọ́, ẹ gbà á tán. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé kí wọ́n yẹ ṣúgà oṣù mẹ́ta yín wò, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, kí káàdì náà tó kú.

Ẹ kò sọ iye tí ṣúgà yín jẹ́ láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí ó bá wà láàárín 100 àti 125 lórí òṣùwọ̀n mg/dL, ohun tí mo kọ sókè yìí lè tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ oògùn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́.