Má gbé fọ́tò ìwé náà jáde

Àbúrò, o ní ọmọ Òṣogbo kan tó ń ṣòwò ní Niamey, olú ìlú Niger, fi fọ́tò ìwé inú ọ́fíìsì ìjọba ológun ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ, o wá ń bèèrè bóyá kí o gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn yín. Jọ̀ọ́, má gbé e jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí o fi ọ̀rọ̀ tìrẹ kọ. Ẹ̀mí èèyàn méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ: oníṣòwò yẹn àti ẹni tó fún un níwèé.

Ní 2017, The Intercept, ilé iṣẹ́ ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀dà ìwé àṣírí kan han ìjọba Amẹ́ríkà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ojú ibi tí wọ́n ti ká ìwé náà hàn lára rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà wò, èèyàn 6 péré ló tẹ̀ ẹ́. Reality Winner, ẹni tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí The Intercept, wà lára wọn, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti oṣù 3. Ibi tí lọ́yà ti lè sọ̀rọ̀ nìyẹn o.

O gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ìjọba, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ni kí o bi wọ́n. Má ka gbólóhùn ìwé náà sí wọn létí.

Ní ti WhatsApp, fọ́tò tó bá gba ọ̀nà document wọlé lè gbé àkókò àti ibi tí wọ́n ti yà á dání. Ẹ jọ tan disappearing messages, ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, sí wákàtí 24. Kì í pa ọ̀rọ̀ àná rẹ́, kì í sì kan fọ́tò tó ti wọ gallery, torí náà ẹ fọwọ́ pa ìwọ̀nyẹn rẹ́. Sójà tó bá gba fóònù ní ibodè, gallery ló máa kọ́kọ́ ṣí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ará ilé ló sábà máa ń tú àṣírí. Ọ̀gá ẹ máa fẹ́ kí o kọ ọ́ pé "ọmọ Òṣogbo, oníṣòwò aṣọ, ó ti pẹ́ ní Niamey", kí àwọn ará Ìgbóná l'Óṣogbo lè rí tiwọn nínú ìròyìn. Àwọn bẹ́ẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀? "Ẹnì kan tó rí ìwé náà" ti tó.

"Ó dáa" tí oníṣòwò náà sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ò tó. Kí ìròyìn tó jáde, pè é, ka ibi tó kàn án sí i létí, kí o sì sọ fún un pé wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì lè mú ìyàwó rẹ̀. Bó bá ní kí o yọ ọ́, yọ ọ́, kódà bí ìwé ìròyìn bá ti wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.