Ṣé Èdè Méjì Ló Ń Dí Ọ̀rọ̀ Mọ́ Ọmọ Náà Lẹ́nu?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọkùnrin wọn sì ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti ṣíwọ́ Yorùbá sísọ sí i, nítorí olùkọ́ kan níbi tí wọ́n ń gbé e lọ lójúmọmọ sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ó jọ pé èdè méjì ló ń dà á lórí rú. Bí mo bá pè é lórí WhatsApp tí mo ní kó kí mi, á wò mí fìrí, á ní “bye-bye”, á sì sá lọ. Ṣé lóòótọ́ ni Yorùbá lè dí ọmọ lọ́wọ́ báyìí? Kí ni mo lè ṣe láti ilé níbí?
Ìyá Àgbà kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àárò ọmọ. Èdè méjì kì í da orí ọmọ rú. Ẹ wo àwọn ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Sábó wa níbí, tí wọ́n ń sọ Hausa nínú ilé, tí wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré ní Yorùbá níta láìṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń gba òbí níyànjú pé kí wọ́n má ṣe pa èdè ilé wọn tì. Ọmọ tó bá ní “mo fẹ́ water” kò ṣàìsàn. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ lákòókò náà ló mú lò. Bó bá sì mọ “omi” àti “bàtà” ní Yorùbá, tó tún mọ ọ̀rọ̀ méjì mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì péré ni olùkọ́ rẹ̀ gbọ́.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí a fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí olùkọ́ náà rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò ìdàgbàsókè fún ọmọ láàárín ọdún méjì sí méjì ààbọ̀, àsìkò rẹ̀ sì nìyí. Kí ìyá rẹ̀ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ní èdè méjèèjì fún nọ́ọ̀sì tó bá ṣe é. Bí kò bá tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi “bàbá dà” tàbí “omi tán”, tàbí tí kì í yíjú bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kí wọ́n béèrè fún àyẹ̀wò etí, nítorí omi a máa dúró sínú etí ọmọdé tí kò ní jẹ́ kó gbọ́ràn dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fura.

Ohun tó ká mi lára jù ni bí ilé wọn ṣe dákẹ́ tó. Kí ọmọ kan nínú agboolé yín tó jẹ oúnjẹ àárọ̀, ẹni mẹ́wàá ti kí i, aládìrẹ ti fi í ṣeré, aláta ti bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá, tọkọtaya sì lè máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀kan ń ti ibi iṣẹ́ dé tí èkejì ń jáde. Tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì má ṣe jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, pé bó bá kéré sí i ló dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èyí bá ọmọ yín wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Bó bá ń wẹ̀ ẹ́: “Gbọ́wọ́ sókè. Ẹsẹ̀ dà? Ṣé ó gbóná?” Bí wọ́n bá dúró ní ibùdókọ̀: “Bọ́ọ̀sì pupa ti ń bọ̀.” Kò gba àkókò mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní tiyín, ẹ má ní kó kí yín mọ́. Ọmọ ọdún méjì tí a ní kó sọ̀rọ̀ lójú àwọn èèyàn yóò sá ni. “Bye-bye” tó sọ yẹn, ẹ gbà á bí ìkíni, ẹ dá a lóhùn pé “ó dàbọ̀, ọkọ mi”. Ẹ máa fi oríkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpè gbogbo, ẹ gbé fóònù síwájú adìyẹ tó ń jẹ̀ lágbàlá kó rí i. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn, nítorí náà bí wọ́n bá ń jẹun alẹ́ ní aago márùn-ún, mẹ́fà ni lọ́dọ̀ yín. Àkókò oúnjẹ yẹn ni kí ẹ pè. Kí ìyá rẹ̀ gbé fóònù ti ife rẹ̀, kí ẹ̀yin náà gbé àwo ẹ̀bà yín síwájú, kí ẹ bu òkèlè, kí ẹ ní, “Èmi náà ń jẹun o. Ìwọ ńkọ́?”