Ṣé ìmọ́lẹ̀ lè sọ bóyá kókó jẹ́ jẹjẹrẹ, láìfi abẹ́rẹ́ kàn án?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Kókó kan yọ sí ọmú màmá mi, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní àwọn máa fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Màmá kọ̀, wọ́n ní bí irin bá ti kan kókó, ńṣe ló máa tàn káàkiri ara. Àbúrò mi wá kà lórí fóònù pé ìmọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n ń tàn sí ara lókè òkun báyìí tí wọ́n fi ń mọ èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ká dúró de ìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn màmá. Ohun tí àbúrò yín kà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ sún ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn síwájú.

Lálẹ́ òní, tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín kí ẹ fi ọmọ ìka bò ó. Pupa lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ funfun ni iná tọ́ọ̀ṣì náà, gbogbo àwọ̀ tó wà lára òṣùmàrè ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìka yín ló gbé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù mì, tó jẹ́ kí pupa kọjá. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń há ọmọ ìka aláìsàn, ọgbọ́n yìí náà ló ń lò láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní spectroscopy kò ju ìyẹn lọ: kí a tan ìmọ́lẹ̀ sí nǹkan, kí a tú èyí tó padà wá sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ibi tí jẹjẹrẹ bá wà, sẹ́ẹ̀lì máa ń fún mọ́ra wọn, kóró inú wọn á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á hù wọ ibẹ̀, okùn tó so ẹran ara pọ̀ á sì dàrú. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tó padà láti ibẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó padà láti ara tí kò ní àìsàn. Ọ̀nà kan tún wà tí ọmọ Íńdíà kan, C. V. Raman, ṣàwárí rẹ̀ ní 1928, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1930. Ó rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan nǹkan, díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ máa ń pa àwọ̀ dà kó tó padà, bí èròjà kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń pa á dà yàtọ̀ síra. Bí ẹní rí gọ̀mbọ́ lójú bàbá àgbà kan tó sì mọ ibi tí wọ́n ti wá ni. Ṣùgbọ́n bíńtín yẹn kéré gan-an, ó lè má ju ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, ìdí nìyẹn tó fi gba ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wúlò jù lójú tèmi ni yàrá iṣẹ́ abẹ, pàápàá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, níbi tí èèyàn kò ti lè gé kọjá ibi tó yẹ. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní 5-ALA tí aláìsàn máa mu ṣáájú. Bí wọ́n bá tan iná búlúù síbẹ̀, jẹjẹrẹ á máa tàn pupa, oníṣẹ́ abẹ á sì rí ààlà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2017. Ní 2024, wọ́n tún fọwọ́ sí ẹ̀rọ alámùúlọ́wọ́ kan tí dókítà lè gbé lé àbààwọ́n ara tó bá fu ú lára. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ ni bóyá kí a rán aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Tó bá débẹ̀, ẹran ara náà ni wọ́n ṣì máa gé wò.

Kókó màmá kò sí lójú awọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kì í wọlé ju ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ lọ kó tó fọ́n ká. Èyí tí ojú ò rí lè wọlé jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná mọ́tò nínú kùrukùru ọyẹ́ ni: ẹ máa mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, ẹ ò ní mọ ohun tó jẹ́. Dúdú ara wa pẹ̀lú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ní 2020, àwọn oníwádìí fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀rọ ọmọ ìka tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń ka ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú ju bó ṣe wà lọ nígbà mìíràn. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá tíì dán wò dáadáa lára irú wa, n kò ní fi ìyá ẹnikẹ́ni lé e lọ́wọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” nìkan la ń wá. Ká tiẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ sọ pé jẹjẹrẹ ni, oògùn wo ni wọ́n máa lò? Jẹjẹrẹ ọmú kan wà tí họ́mọ̀nù ń bọ́, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ sì lè dí i lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀. Òmíràn wà tí èròjà HER2 pọ̀ lójú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, òun náà sì ní oògùn tirẹ̀. Inú ẹran tí abẹ́rẹ́ bá mú jáde la ti ń mọ èyí.

Ní ti ohun tí màmá ń bẹ̀rù, mo mọ ibi tó ti wá. Àwọn èèyàn rí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tí kò sì pẹ́ tó fi lọ, wọ́n ní ọ̀bẹ ló fà á. Ọ̀pọ̀ irú wọn ti pẹ́ nílé kí wọ́n tó wá, àìsàn ọ̀hún sì ti rìn jìnnà. Abẹ́rẹ́ kì í sọ kókó di jẹjẹrẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn pa ibẹ̀ kú kó má bàa dun màmá, wọ́n á mú ẹran tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ojú ibẹ̀ lè wú tàbí kó dúdú fún ọjọ́ mélòó kan.

Ilé ìwòsàn ńlá tó ń kọ́ àwọn dókítà wà nílùú yìí, ti Bowen àti ti LAUTECH. Bí màmá bá ń lo áspírìn tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ béèrè pé kí wọ́n ju ẹran náà sínú fọ́málínì, ìyẹn omi oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, lójú ẹsẹ̀, torí bó bá gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kí wọ́n yẹ họ́mọ̀nù àti HER2 wò lára ẹran kan náà. Kí ẹ sì tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ọjọ́ tí èsì máa jáde sílẹ̀.