Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí Ló Dé Tí Ẹ̀rín Poppy Fi Ń Bí Àwọn Òǹwòran Nínú?

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwa mẹ́sàn-án jókòó sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Surulere, a sì wo Happy-Go-Lucky, fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Mike Leigh darí ní ọdún 2008. Poppy, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni ìtàn náà dá lé, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Fíìmù náà kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀gbọ́n mi fi dìde, wọ́n ní bí ọmọbìnrin náà bá tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn yóò pa tẹlifíṣàn. Ọkọ wọn ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ń fẹ́ ní ìtòsí òun. A jẹun alẹ́ tán, ọ̀rọ̀ náà kò tán. Kí ló dé tí ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni fi ń bí ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀? Àbí àwọn tó ṣe fíìmù náà ni wọ́n ṣe é láṣejù?
Òǹkàwé yín, Surulere.

ÌDÁHÙN
Ẹ ṣeun, ẹ sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín àti ọkọ wọn. Irú àríyànjiyàn yìí ti wà láti ìgbà tí fíìmù náà ti jáde. Wọ́n fún Sally Hawkins, ẹni tó ṣe Poppy, ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní Jámánì ní ọdún 2008, ó sì tún gba Golden Globe, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2009, síbẹ̀ àwọn òǹwòran kò yé pín sí méjì lórí rẹ̀: àwọn kan ní ì bá wu àwọn kí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn, àwọn kan ní àwọn kò lè bá irú rẹ̀ wọ mọ́tò kan náà. Èmi náà wà lára àwọn tí inú bí nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó. Ìgbà tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, Poppy gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ìgboro kọjá, ó fi í sílẹ̀ níta, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé kan, ó sì ń dá àpárá fún ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, ẹni tó lejú koko, tí kò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, olè ti gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Ó ní òun kò tilẹ̀ ráyè dágbére fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òǹwòran Èkó ti kọ́kọ́ fa ojú ro. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò pariwo, yóò káwọ́ lérí, yóò ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa tó wà nítòsí yóò sì rí ààyè sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò." Bí ẹ bá ti wà ní Ojúẹlẹ́gba rí nígbà tí ẹnìkan já fóònù gbà láti ojú fèrèsé dánfó, ẹ ó ti rí i bí àwọn tí kò mọ ẹni náà rí ṣe máa ń yíjú sí i, tí ìyá kan ní ìjókòó ẹ̀yìn yóò máa fọwọ́ gbá a léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ pàápàá yóò dákẹ́ ariwo owó fún ìgbà díẹ̀. Ìbánikẹ́dùn wà lára ohun tí a fi ń di ará ilé ara wa nílùú yìí. Poppy kò fún wa láyè láti bá a kẹ́dùn. A ti mú "pẹ̀lẹ́" wá sí ẹnu, a kò rí ẹni tí a ó kí, ìyẹn sì máa ń dun òǹwòran ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ.

Bí a ṣe kọ́ fíìmù wíwò náà wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí a wò dàgbà, ẹni tí ẹ̀rín bá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní apá kìíní, ẹkún ni yóò bá a ní apá kejì. Nítorí náà ni a ṣe jókòó tí a ń retí: ṣé àìsàn kan ló ń bò mọ́lẹ̀ ni, àbí ọkùnrin kan ló já a kulẹ̀? Kò sí. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ijó flamenco ló bú sẹ́kún láàárín kíláàsì lórí ọ̀ràn ilé tirẹ̀. Poppy kò ní ẹkún kankan tó tọ́jú pamọ́ dè wá. Ẹni tó bá ti ń dúró de àṣírí fún nǹkan bíi wákàtí méjì, tí kò rí i, lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Wọn kò ṣe é láṣejù. Mike Leigh kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé eré tí a ti kọ tán. Òun àti àwọn òṣèré rẹ̀ máa ń fi oṣù mélòó kan ṣe ìdánrawò títí ẹni kọ̀ọ̀kan inú ìtàn yóò fi di ènìyàn gidi, ẹ̀rín Poppy kò sì lè jẹ́ èèṣì. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́ egungun, tí Nonso Anozie ṣe (orúkọ ọmọ Ìgbò yẹn kò ní í fara sin fún òǹkàwé Èkó). Bí ọkùnrin náà ṣe ń tẹ ojú ibi tó ń dùn ún ni igbe àti ẹ̀rín jọ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò bá ti Poppy mu, nítorí pé ẹ̀rín tirẹ̀ kò dúró fún ẹkún. Ó ń dùn ún, ó ń sọ pé ó ń dùn ún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n padà sí ibi méjì péré. Àkọ́kọ́ ni ibi tí Poppy ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń lu ẹlòmíràn. Kò fi ṣe ẹ̀rín. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pe òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, wọ́n sì rọra bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí ó fi hàn pé ọ̀rẹ́kùnrin ìyá rẹ̀ ń lù ú nílé. Ibi kejì ni alẹ́ tó pàdé ọkùnrin aláìnílé kan, tí gbólóhùn rẹ̀ kò já sí ibì kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ti sáré kọjá. Ó dúró tì í, ó ń gbọ́, nígbà tí ọkùnrin náà sì bi í bóyá ó mọ̀, ó ní òun mọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọbìnrin yìí kò rí ayé bó ti rí, kò tíì wo ojú rẹ̀ níbẹ̀ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ
Olóòtú, ọdún 14 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà. Ọ̀rọ̀ Scott, tó ń kọ́ Poppy ní mọ́tò, ló ká mi lára. Ọkùnrin náà le, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpárá ọmọbìnrin yẹn àti bàtà gogoro tó ń wọ̀ wá sídìí ọkọ̀ ló bà á jẹ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀bi Poppy ni?
Òǹkàwé kan, Ìsàlẹ̀ Èkó.

ÌDÁHÙN
Ní ti bàtà, mo gbà fún yín, alàgbà. Ọ̀nà tí Scott gbà ń kọ́ni ní dígí mọ́tò, tó ń pe "Enraha" léraléra kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbàgbé láti wò wọ́n, kì í ṣe ọ̀nà tó burú, ó sì yẹ kí Poppy tètè fi ojú iṣẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n ìbínú ti wà nínú ọkùnrin náà kí Poppy tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́, gbogbo ayé ló sì ń fura sí. Ẹ̀rín kò dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rín ṣe ni pé ó jẹ́ kí ó rò pé tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rín, nígbà tí Poppy ń rín fún gbogbo ènìyàn. Eddie Marsan ṣe ipò yìí débi pé àánú Scott ń ṣe mí bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń bà mí.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, lẹ́yìn tó rí Poppy pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn, ó wa mọ́tò ní ìwàkuwà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Poppy gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin náà fà á nírun, ó fẹ̀sùn kàn án pé ó ń tan òun jẹ, ó sì tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Poppy gbọ́ ọ tán, ó wá jẹ́ kó yé e pé ẹ̀kọ́ àwọn ti parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọdún 14 lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ń béèrè láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tí inú ń bí.