Kí la ó kọ́kọ́ ṣe: ọ̀rá, sólà, àbí fíríìjì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi ilé ìtajà oúnjẹ mẹ́rin sílẹ̀ fún àwa ọmọ, mẹ́ta n'Ìbàdàn, ọ̀kan n'Ìkòròdú. A ò fẹ́ máa ba àyíká jẹ́. Àbúrò mi ní ká dẹ́kun lílo ọ̀rá tá a fi ń di ọjà fún oníbàárà, èmi ní ká ra sólà. Owó ọwọ́ wa ò ká méjèèjì. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmójútó ogún bàbá yín. Ìmọ̀ràn ẹ̀yin méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fíríìjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ẹ wo àkọlé tó wà lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ ó rí orúkọ gáàsì inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ R-404A, tó wọ́pọ̀ nínú fíríìsà ńláńlá, ẹ fura gidigidi. Bí kílò kan rẹ̀ bá jò sínú afẹ́fẹ́, bó ṣe ń mú ayé gbóná tó ti kílò 3,922 carbon dioxide, gáàsì inú èéfín epo. Ìyẹn ju kéèyàn sun 1,400 lítà dísẹ́ẹ̀lì nínú jẹnẹrétọ̀ lọ. Ti R-134a, gáàsì fíríìjì mìíràn, jẹ́ 1,430. Ti R-290, tí ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun ń lò, kò ju nǹkan bíi 3 lọ.

Gáàsì fíríìjì kì í sì í tán bí epo ṣe ń tán. Inú páìpù ló ti ń yípo. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá ń wá rọ gáàsì kún un ní gbogbo ìgbà, ó ń jò ni, owó yín náà sì ń bá a jò. Ẹ má sanwó gáàsì fún un mọ́ àfi tó bá ti rí ojú ibi tó ń jò, tó sì ti dí i. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan: ọjọ́ wo, fíríìjì wo, kílò mélòó. Kò ní pẹ́ tí ìwé yẹn á fi fi èyí tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ hàn yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni rọ R-290 sínú fíríìjì tí wọn ò ṣe fún un. Ọmọ ìyá gáàsì ìdáná ni, ó ń gbiná.

Ó kan ilẹ̀kùn. Fíríìjì aláìnílẹ̀kùn tí ẹ fi ń pàtẹ ohun mímu, tọ̀sán-tòru ni òtútù ń dà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀kùn gíláàsì sí i. Bí owó ò bá tíì tó, ẹ máa bò ó lálẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tó bá ti ya.

Nígbà náà ni kẹ́ ẹ tó ra sólà. Bẹ́ ẹ bá rà á báyìí, ẹ ó ra pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì fún iná tó ń ṣòfò.

Oúnjẹ tó ń bàjẹ́ náà ń kó ìnira bá àyíká, torí ó ń tú methane, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, lórí ààtàn. Tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ máa ń tẹ ara wọn fọ́ kó tó dé láti òkè Ọya; ẹ máa fi kéréètì gbà á. Ẹ má kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ń mú ẹ̀fọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ní ti ọ̀rá, àbúrò yín jàre ní ti Ìkòròdú: ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti July 1, 2025. Ẹ má kàn fi àpò bébà rọ́pò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ń gba igi, omi àti iná. Wegmans, ilé ìtajà tí ìdílé kan ti ń bójú tó ní Amẹ́ríkà láti 1916, dáwọ́ ọ̀rá dúró ní New York ní January 2020, kí òfin tó dé, ó sì ń gba sẹ́ǹtì 5 lórí àpò bébà kọ̀ọ̀kan. Ní 2022, wọ́n ní níbi tí àwọn ti ṣe é, ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tí wọ́n ń tà ni kò bá àpò bébà lọ mọ́: oníbàárà gbé àpò tirẹ̀ wá, tàbí kó má gba àpò rárá. Ẹ lẹ iye owó àpò mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí oníbàárà má ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tó bá fẹ́ sanwó.